Bí Inú Bá Ṣe Rí, Ọwọ́ Á Sọ ọ́

Ẹ fún èèyàn méjì ní wúùlù kan náà, ẹ fún wọn ní píìnì kíróṣé tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ ní kí àwọn méjèèjì hun ohun kan náà láti inú pátánì kan náà. Ohun tí wọ́n máa gbé wá fún yín kò ní bára mu. Ti ẹnì kan á fún, á le gbagidi, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè nà án ró lórí tábìlì. Ti ẹnì kejì á rọ̀, á fẹ̀, á máa ṣàn wálẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e. Kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ pátánì fi máa ń ní ká kọ́kọ́ hun kékeré wò, sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú, sẹ̀ǹtímítà 10 lóròó, ká ka iye ojú, ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan, tó wà nínú rẹ̀ ká tó dáwọ́ lé iṣẹ́ gan-an. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ò dọ́gba. Bí oníkálukú ṣe ń fa òwú, tirẹ̀ ni, bí ìkọ̀wé ẹni ṣe jẹ́ ti ẹni.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń hunṣọ ló ka ìyàtọ̀ yìí sí wàhálà tó yẹ kí wọ́n borí. Wọ́n á pààrọ̀ píìnì, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un hun, títí tí tiwọn á fi rí bíi ti inú àwòrán. Bó bá jẹ́ aṣọ tó gbọ́dọ̀ bá èèyàn lára mu ni, mo gbà, ẹ ṣe é. Àmọ́ lójú tèmi, ibi tí ọwọ́ yín ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kíróṣé, bí wọ́n bá sì kó gbogbo iṣẹ́ wọn jọ síwájú mi láìkọ orúkọ sí i, màá mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mọ́mì kan wà láàárín wa tí wọn kì í fi ojú kankan sílẹ̀ láìkà. Bí ojú kan péré bá ṣì wọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n sì ti hun ún dókè, wọ́n á tú u délẹ̀. Etí iṣẹ́ wọn máa ń gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Àbúrò kan sì wà tí kò lè fara da àwọ̀ kan fún ìlà méjì. Kó tó parí fìlà ọmọdé kan, ó ti já wúùlù láìmọye ìgbà, inú fìlà náà á wá kún fún kókó òwú kéékèèké tí kò bìkítà láti fi pamọ́. Bí Mọ́mì yìí ṣe ń tọ́jú ilé wọn náà nìyẹn, bí àbúrò yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ìwà nìyẹn. Ti bí inú ṣe rí lọ́jọ́ kan sí òmíràn, ìyẹn jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá ń ṣe kíróṣé, ìka ọwọ́ òsì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló ń darí wúùlù. Òun ló ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí píìnì ṣe ń bèèrè. Ẹ wo ìka yẹn lọ́jọ́ tí inú bá ń bí yín. Á dì í mú. Òwú á fún mọ́ ìka títí á fi sàmì sí i lára, ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun á ti le débi pé píìnì ò ní ráyè wọlé mọ́, ẹ ó máa fi agbára tì í, á máa dún ṣín-ṣín lára òwú. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín, ọ̀tọ̀ ni: ìka á dẹ̀, ojú á là, imú píìnì á máa yọ́ jáde láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ ò pinnu èyíkéyìí nínú ẹ̀. Ara ló ṣe é, aṣọ ló sì gbà á sílẹ̀.

Kúbùsù kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ìyeyè, tí mo hun lásìkò tí Mọ́mì mi wà ní ọsíbítù. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo ti hun púpọ̀ nínú ẹ̀, torí mi ò lè kàwé níbẹ̀, mi ò lè sùn, ọ̀rọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ wá. Bẹ́ ẹ bá tẹ́ kúbùsù náà sílẹ̀, ẹ ó rí i pé kò gún. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó fẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, etí rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé mo dín iye ojú kù. Iye ojú kan náà ló wà lórí gbogbo ìlà, ọwọ́ mi ló fún. Àárín rẹ̀ níbẹ̀ le lọ́wọ́, kò fẹ́ ká. Lẹ́yìn náà ni ibì kan wà tó tún fẹ̀ padà lójijì, láàárín ìlà mélòó kan péré, ó tiẹ̀ fẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tí dókítà sọ pé wọ́n lè máa lọ sílé ni mo hun ibẹ̀.

Ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa wò ó, ó ní kí n rẹ ẹ́ sómi kí n fi píìnì ìránṣọ kàn án mọ́lẹ̀ kó gbẹ, pé á nà, etí rẹ̀ á gún. Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo sì ń kọ́ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Mi ò ṣe é sí eléyìí. Mi ò lè nà ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kó bá ìyókù dọ́gba. Mọ́mì fúnra wọn mọ ibi tó ti fún yẹn, wọ́n máa ń fọwọ́ wá a bí wọ́n bá wá sùn lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán iṣẹ́ Elizabeth Parker, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún 1813 ni wọ́n bí i, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe káàkiri ilé àwọn olówó. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń fi aṣọ kan kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́: wọ́n á rán a, b, d sí i, wọ́n á rán òdòdó sí etí rẹ̀, ẹsẹ Bíbélì kan, orúkọ ọmọ náà àti ọjọ́ orí rẹ̀. Irú aṣọ yẹn ni Elizabeth mú ní nǹkan bí ọdún 1830. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni, òwú sílíkì pupa ló sì fi ṣiṣẹ́ sí i, àwọ̀ pupa yẹn nìkan. Kò sí òdòdó. Kò sí ẹyẹ. Kò sí etí tó ní iṣẹ́ ọnà. Ọ̀rọ̀ ló rán síbẹ̀, ìlà 46, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nípa sísọ pé nítorí òun ò lè kọ̀wé ni òun ṣe ń gbé e kalẹ̀ báyìí. Ó wá sọ irú ìyà tí ẹni tó gbà á síṣẹ́ fi jẹ ẹ́, ó sọ bó ṣe rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ó sọ bẹ́rù Ọlọ́run ṣe bò ó.

Mo fẹ́ kí ẹ rò ó bí aránṣọ ṣe máa rò ó. Lẹ́tà kan péré nínú iṣẹ́ yẹn, ojú abẹ́rẹ́ méjì-méjì tó dábùú ara wọn ni, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ rán kí lẹ́tà kan tó jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ wọlé tó sì jáde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé “mo bẹ̀rù” lẹ́nu, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Lọ́wọ́ Elizabeth, ó gbọ́dọ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn, kó ka òwú aṣọ, kó fà á, kó tún kà á. Inú tó le tó láti mú kéèyàn ronú ikú, ó wá pín in sí wẹ́wẹ́ tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sì ń rán an lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà gbọ́ pé ìyẹn wà lára ohun tó dá a dúró. Ó dá iṣẹ́ náà dúró láàárín gbólóhùn, níbi tó ti ń bèèrè ohun tí ọkàn òun máa dà, ìyókù aṣọ náà sì ṣófo. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò dúró níbẹ̀. Ó di olùkọ́, ó sì gbé ayé títí di ọdún 1889. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert Museum ní London ni aṣọ náà wà báyìí.

Ẹnìkan tún wà ní Jámánì, Agnes Richter. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe kí wọ́n tó fi í sí ilé ìwòsàn àwọn tó ní àrùn ọpọlọ. Ní 1895, ó mú aṣọ ọ̀gbọ̀ àwọ̀ eérú tí ilé ìwòsàn fi ń rán aṣọ fún àwọn aláìsàn, ó rán jákẹ́ẹ̀tì fún ara rẹ̀, ó wá fi òwú olóríṣiríṣi àwọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gorí ara wọn, ó gba apá, ó gba ẹ̀yìn, ó wọnú lọ síbi tí aṣọ ti kan ara. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ni kò ṣeé kà. Lára èyí tó ṣeé kà ni “èmi”, àti “jákẹ́ẹ̀tì mi”, àti nọ́ńbà 583 tí ilé ìwòsàn fi ń dá aṣọ rẹ̀ mọ̀ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Àpẹẹrẹ wà lára jákẹ́ẹ̀tì náà pé ó wọ̀ ọ́ gan-an. Ó wà ní Heidelberg báyìí, nínú àkójọ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Prinzhorn. Bí mo bá ń ronú nípa obìnrin yìí, ohun tó máa ń wà lọ́kàn mi ni ẹ̀gbẹ́ inú yẹn. Ta ló máa rí i? Òun nìkan. Ẹni tí wọ́n ti gba orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fún un ní nọ́ńbà ló rán “èmi” síbi tó ń kan awọ ara rẹ̀.

Àwọn méjì yìí lo ọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé ó dìgbà tí a bá rán ọ̀rọ̀ sára nǹkan kó tó sọ nǹkan. Mo máa ń rí i, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ a máa bi mí pé, “Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa fi ìfẹ́ hàn nínú rẹ̀?” Kí n tó dáhùn, wọ́n á ti fẹ́ rán àwòrán ọkàn pupa sí i láàárín. Kò burú. Àmọ́ Judith Scott ò rán àwòrán kankan rí, kò sì sọ̀rọ̀ rí.

Ọdún 1943 ni wọ́n bí i ní Amẹ́ríkà, òun àti Joyce, ìbejì ni wọ́n. Ó ní ìṣòro ìlera tí wọ́n ń pè ní Down syndrome, etí rẹ̀ ò sì gbọ́rọ̀, ó sì pẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀ pé adití ni. Wọ́n rò pé òye ni kò ní. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 7, wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ Joyce, wọ́n sì fi í sí ilé ìtọ́jú tó ti lo nǹkan bí ọdún 35. Joyce ló wá a lọ, tó mú un jáde. Ní 1987, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Creative Growth ní Oakland, níbi tí àwọn abirùn ti ń ṣiṣẹ́ ọnà. Wọ́n fún un ní ọ̀dà àti bébà, kò wù ú. Ìgbà tó wá kan òwú ni nǹkan yí padà. Á mú ohunkóhun tó bá rí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wé òwú mọ́ ọn, á wé e, á so ó, á fi òmíràn gba abẹ́ ẹ̀, àwọ̀ lórí àwọ̀, títí ohun tó wà nínú á fi farasin pátápátá. Àwọn kan nínú ẹ̀ tóbi gan-an. Òun ló máa ń mọ ìgbà tó bá parí. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí tó fi kú ní 2005.

Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sọ fún mi pé ẹni yìí ò ní nǹkan í sọ. Nǹkan kan wà tó ń dáàbò bò nínú gbogbo wíwé yẹn. Mélòó kan nínú wọn rí bí ohun méjì tí wọ́n dì mọ́ra wọn. Mi ò nílò kẹ́nikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún mi.

Nígbà míì sì rèé, ohun tí wọ́n fi ṣe é ló ń sọ̀rọ̀. Ní Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, ọkọ Missouri Pettway kú, ìyàwó náà sì kó aṣọ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣoko, èyí tó ti ṣá, tórúnkún rẹ̀ ti gbó, ó gé wọn, ó sì rán wọn pọ̀ di kúbùsù ní 1942. Ọmọbìnrin rẹ̀ Arlonzia ló sọ ìtàn náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, pé ìyá òun fẹ́ fi rántí ọkọ rẹ̀, kó sì máa fi bora. Kò pa aṣọ náà láró kó dán. Ibi tó ṣá wà níbẹ̀, àmì ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tuntun ló lọ rà, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀, kò lè sọ ohun kan náà.

Mo gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láyè láti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Kì í sọ̀rọ̀. Á kí mi, á jókòó, á hun, á dìde, ó di ọjọ́ mìíì. Ó ní báàgì lòun fẹ́ ṣe, dúdú látòkè délẹ̀. Mo jẹ́ kó ṣe é. Nígbà tó gbé e wá, ìta rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n kánjú ṣe, ibì kan dẹ̀, ibì kan fún. Mo wá ṣí ẹnu báàgì náà. Ó ti hun inú rẹ̀ lọ́tọ̀, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n yòò, ojú kọ̀ọ̀kan dọ́gba, kò sí kókó òwú kan tó yọ jáde, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé wẹ́kú. Kò tíì hun ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, “Kí ló dé tó o fi èyí tó dáa pamọ́?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ràn àwọ̀ yẹn, Àǹtí. Kì í ṣe tàwọn tó ń wò mí lọ́nà.” Gbólóhùn tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ náà ni mo fi sílẹ̀ láti má bi í ní nǹkan kan mọ́.

Torí ẹ̀ ni ara mi kì í fi í gba ìwé tó ń sọ pé pupa dúró fún báyìí, búlúù dúró fún tọ̀hún. Àwọ̀ ọsàn jẹ́ ọ̀fọ̀ fún ọmọkùnrin yẹn. Fún èmi, àwọ̀ eérú ni ìsinmi, torí àwọ̀ ojú ọ̀run kí òjò tó rọ̀ ni, mo sì fẹ́ràn àsìkò yẹn ju gbogbo ọjọ́ lọ. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ rí àwọ̀ kan, ta ló wọ̀ ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìtumọ̀ tẹ́ ẹ máa lò nìyẹn.

Àwọn kan máa ń hun kúbùsù ọlọ́dún kan, ìlà kan fún ọjọ́ kan, tí wọ́n á ti yan àwọ̀ tó dúró fún inú dídùn, fún ìbínú, fún àárẹ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ó wù mí, mo sì gba àwọn tó bá ní sùúrù nímọ̀ràn láti ṣe é. Ibi tó ti máa ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé inú èèyàn kì í sábà jẹ́ ohun kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan. Ẹ lo wúùlù tín-ín-rín, kí ẹ lè di àwọ̀ méjì mú pa pọ̀ lórí píìnì kan lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀. Á jáde ní wínníwínní, búlúù níhìn-ín, ìyeyè lọ́hùn-ún, ẹ ò sì ní lè darí èyí tó máa yọ sókè. Àwọn ìlà tí wọ́n hun bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń tẹjú mọ́ jù nínú irú kúbùsù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣe nǹkan fún ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ náà tún yí díẹ̀, torí èèyàn méjì ló máa wà nínú ẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ìborùn ni mò ń hun fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹni tó ṣe jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ kí ojú wà lára wọn, nítorí náà mo yan búlúù tó ṣú, mo sì yan ojú kéékèèké tó fara mọ́ra, kò ní ihò, kò ní ìṣẹ́po. Ìyẹn ni tiwọn. Tèmi wà níbi tí ìborùn náà ti máa kan ọrùn wọn lẹ́yìn, níbi tí irun máa bò: ìlà méjì àwọ̀ ewé, irú àwọ̀ ewé tí à ń wọ̀ lọ síléèwé, ọjọ́ tí wọ́n máa ń di ọwọ́ mi mú ká tó sọdá títì. Mi ò tíì sọ fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ ná, kí wọ́n fúnra wọn rí i nígbà tí wọ́n bá ń ká a.